Àwọn Àfín Àárín Wa, Oòrùn, àti Owó Ẹ̀yáwó

Bí ẹ bá bi èyíkéyìí nínú wa léèrè ohun tó mọ̀ nípa àfín, iyọ̀ ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Àfín kì í jẹ iyọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ fún wa ní kékeré, bẹ́ẹ̀ náà la sì ń sọ fún àwọn ọmọ wa. Lẹ́yìn iyọ̀, ọ̀rọ̀ Òrìṣà ló kù: pé ẹni Ọbàtálá ni wọ́n, òun ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. A kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀sìn nínú ìwé ẹgbẹ́. Ọ̀wọ̀ tí àwọn baba wa fi fún àfín nítorí Òrìṣà sàn ju èébú tí ọmọ ìta ń bú wọn lónìí lọ. Ṣùgbọ́n ti iyọ̀ yẹn, ẹ jẹ́ ká sọ ojú abẹ níkòó: kò sí ohun tí iyọ̀ ọbẹ̀ ń ṣe fún awọ àfín. Oòrùn ló ń pa wọ́n. Ọmọ tí a fi iyọ̀ dù, tí a wá ní kó kiri ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ọ̀sán gangan láìdé nǹkan kan lórí, ohun tí kò lè pa á la ń ṣọ́ ọ fún, a sì fi í lé ohun tó lè pa á lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. A ní àfín láàárín ọmọ ẹgbẹ́, a sì ní àwọn òbí tó bí wọn. Àdúgbò wo ni kò ní tirẹ̀? Ní 1952, olùwádìí ará England kan, N. A. Barnicot, tẹ ìwádìí jáde nípa àfín ní ìhà wa yìí, ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Iye tó rí láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé ní Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹnìkan nínú ọmọ 3,000. Iye tí àwọn dókítà sábà máa ń dá fún Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni ẹnìkan nínú ènìyàn 17,000 sí 20,000. Ẹ wo bí ó ti jìnnà síra tó. Ọ̀rọ̀ tiwa ni.

Kí ló wá ń fà á? Ohun tó ń mú ara dúdú, tó ń mú irun dúdú, tó sì wà nínú ẹyinjú, ohun kan náà ni. Àwọn dókítà ń pè é ní mẹ́lánínì. Ẹ jẹ́ kí àwa pè é ní aró ara. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú awọ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti pò aró yìí nínú àwọn àpò kéékèèké, kí wọ́n tó pín in fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí wọn ká. Aró náà á wá ṣíji bo àárín sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan bí ẹni ṣí agboòrùn lé e lórí, kí oòrùn má baà ba ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́. Ohun tó yà wá lẹ́nu nígbà tí a ń ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé àfín ní àwọn sẹ́ẹ̀lì aláró wọ̀nyí bí gbogbo wa ti ní wọn. Aláró ń bẹ, ìkòkò ń bẹ. Aró ni kò mú.

Ẹni tó bá ti jókòó ti ìyá aláró rí, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Òṣogbo, á mọ̀ pé ẹ̀lú nìkan kọ́ ló ń dá aṣọ láró. Omi eérú gbọ́dọ̀ bá a lọ. Bí eérú kò bá tó, kí ìyá aláró ki aṣọ bọ ìkòkò nígbà ogún, kò ní mú. Ọ̀rọ̀ àfín sún mọ́ èyí gan-an. Oríṣi àfín méjì ló wọ́pọ̀. Nínú oríṣi kìn-ín-ní, òṣìṣẹ́ tó ń pò aró, tí wọ́n ń pè ní tyrosinase, ló bàjẹ́: nígbà mìíràn kò lè ṣiṣẹ́ rárá, nígbà mìíràn ó ń ṣe díẹ̀. Nínú oríṣi kejì, òṣìṣẹ́ náà dára, ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n inú àpò tó ti ń ṣiṣẹ́ kan jù, nítorí pé ẹnu ọ̀nà kékeré tó yẹ kó máa dín kíkan náà kù kò ṣí. Bí ìgbà tí eérú kò tó nínú ìkòkò ni. Oríṣi kejì yìí ló pọ̀ jù láàárín àwa ènìyàn dúdú. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àfín wa fi ní irun tó pupa bí koríko gbígbẹ dípò kó funfun báláú, tí àmì dúdú tóótòòtó sì máa ń yọ lára wọn bí wọ́n ti ń dàgbà. Aró mú díẹ̀, kò mú tó. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí aró wọn mú jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí irun àti awọ wọn rí bíi ti kòkó oníwàrà. Láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà ni R. A. King, dókítà Okoro tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti ṣàpèjúwe irú wọn fún ayé ní 1980.

Ìwádìí lórí èyí ti pẹ́. Ní 1908 ni dókítà Archibald Garrod dúró níwájú àwọn oníṣègùn ní London, tó sọ fún wọn pé bí ènìyàn ṣe ń di àfín, àti àwọn nǹkan mẹ́ta mìíràn tó dárúkọ, àṣìṣe inú iṣẹ́ ara ni, tí a bí mọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ibi tí àṣìṣe náà wà gan-an, ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún ló gbà kí wọ́n tó rí i fún oríṣi kejì. Eku ló sì tú àṣírí. Eku kan wà nílé àwọn olùwádìí tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí irun rẹ̀ sì ṣá. Ní 1993, E. M. Rinchik àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí jíìnì tó bàjẹ́ lára eku náà, wọ́n sì fi hàn pé irú jíìnì yẹn kan náà ló ń bàjẹ́ lára àfín oríṣi kejì. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, 1994, àwọn mìíràn rí i pé lára ọ̀pọ̀ àfín ọmọ Áfíríkà, ibì kan náà ló já dànù nínú jíìnì náà, bí ẹni ya ojú ewé kan ṣoṣo kúrò nínú ìwé. Wọ́n wá wo àwọn àfín ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà. Ojú ewé yẹn kan náà ló ya. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun gbé e lọ, láìmọ̀, àwọn ọmọ ọmọ wọn sì ń bí àfín títí dòní láti inú ohun tí baba ńlá wọn gbé kúrò nílẹ̀ yìí.

Èyí kàn wá nílé, nítorí ìyàwó ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. A ti gbọ́ ọ létí wa: wọ́n ní ó rìn ní ọ̀sán nígbà tó lóyún, wọ́n ní ó ṣe panṣágà pẹ̀lú òyìnbó, wọ́n ní ó fi àfín ṣẹ̀sín. Ẹ gbọ́ o. Gbogbo wa la ti mọ AA, AS àti SS nísinsin yìí, kò sí ọ̀dọ́ tó ń lọ sí ilé ìjọsìn fún ìgbéyàwó tí wọn kì í bi léèrè. Ọ̀nà kan náà ni ti àfín ń gbà. Ẹni tó gbé ẹyọ jíìnì kan tó bàjẹ́ dúdú bíi tìrẹ, kò sì sí ohun tó ń ṣe é. Bí ọkọ àti ìyàwó bá jọ gbé e, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà yóò jẹ́ àfín. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, a wí. Kì í ṣe pé bí ẹ bá ti bí àfín kan, mẹ́ta tó kù ti bọ́. Láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ló ti wá, ìdajì lọ́tùn-ún, ìdajì lósì. Bí àfín bá sì fẹ́ ẹni tí kò gbé e rárá, dúdú ni gbogbo ọmọ wọn yóò jẹ́. Bàbá tó lé ìyàwó jáde nítorí ọmọ àfín, kó lé ara rẹ̀ náà jáde.

Ní 1975, dókítà A. N. Okoro, oníṣègùn awọ ara, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àfín tó lé ní 1,000 ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Nínú gbogbo wọn, kò rí ẹyọ ẹnìkan tó ju ọmọ 20 ọdún lọ tí awọ rẹ̀ kò ní jẹjẹrẹ tàbí ohun tó lè di jẹjẹrẹ. Ẹ tún un kà. Ọmọ 20 ọdún. Ẹni tó yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gba káàdì ẹgbẹ́, kó máa bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó oṣù.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa, àgbẹ̀ oníkòkó, tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ tí a kò ní dárúkọ, àfín ni. Owó rẹ̀ kì í pẹ́. Nígbà tí nǹkan kékeré kan le gbarara lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, ó ní èèkù àdá ló gbá òun. Ó fi òróró adì pa á. Ó fi àgbo wẹ̀ ẹ́. Ẹnìkan tà á ní ìpara kan tó ní ó máa ń bó èèpá, ó sì bó o lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún hù. Nígbà tó fi máa wá béèrè ẹ̀yáwó fún ìtọ́jú, egbò náà ti jẹ wọ ẹ̀yìn etí, ọrùn ti wú. Ẹgbẹ́ yá a lówó, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n kò lo oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà. Owó tí a yá a kì í ṣe kékeré. Ìdá kan nínú ogún rẹ̀ ì bá ti tó ní ọdún tí nǹkan náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ.

Ohun tó yẹ kí àwọn tó ń ka ìwé yìí mọ̀ dunjú nìyí. Jẹjẹrẹ awọ àfín ní Áfíríkà sábà máa ń yọ sí ibi tí oòrùn ń bá jù: ojú, etí, ètè, ọrùn, ẹ̀yìn ọwọ́. Kì í dédé fò bọ́ síni lára. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ojú ara tó gbẹ, tó le, tó ń họ bí ìpẹ́ ẹja, tí kì í dunni. Ní àkókò yìí, wẹ́rẹ́ ni ìtọ́jú rẹ̀. Dókítà awọ lè fi afẹ́fẹ́ olómi tó tutù jọjọ, tí wọ́n ń pè ní nitrogen, sun ún ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó lè fún aláìsàn ní ìpara fluorouracil láti máa fi pa á nílé. Ó sì lè fi abẹ gé e kúrò kí onítọ̀hún padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Egbò èyíkéyìí lára àfín tó bá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìsàn, ẹ má ṣe dúró de ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Kò dìgbà tó bá dùn ún.

Ní ìpàdé gbogboogbò wa tó kọjá, ìyá kan nínú ẹgbẹ́, tó ń ta aṣọ, béèrè owó ẹ̀yáwó pàjáwìrì fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ àfín: fìlà, awò ojú, àti ìpara adènà oòrùn. Bàbá kan dìde, ó ní òun kò lòdì sí awò ojú o, ṣùgbọ́n láti ìgbà wo ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ra ìpara fún obìnrin? Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá náà kò sọ̀rọ̀ mọ́, ó jókòó. A kò bínú sí bàbá náà. Bí wọ́n ti ń ta ìpara oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpara abóra nínú ṣọ́ọ̀bù, ta ni kò ní pè é ní ọ̀ràn ẹwà? Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ìpara yẹn kò yàtọ̀ sí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ìjọba Kenya ti ń fi owó ìjọba ra á fún àwọn àfín ilẹ̀ wọn. Ní Moshi, ní Tanzania, ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníṣègùn awọ ń po tiwọn fúnra wọn, wọ́n sọ ọ́ ní KiliSun, wọ́n sì ń pín in fún àfín káàkiri. Bí àwọn kan bá lè pò ó, àwa lè rà á.

Kò sì yẹ kí a gbé gbogbo ẹrù lé ìpara lórí. Ó wọ́n, kì í pẹ́ tán, ẹni tó bá sì pa á lẹ́ẹ̀kan ní òwúrọ̀ tó lọ sóko títí ìrọ̀lẹ́, ó tan ara rẹ̀ jẹ: ní wákàtí méjì-méjì ni wọ́n ń tún un pa, pàápàá bí òógùn bá ń bọ̀. Aṣọ ni àkọ́kọ́. Aṣọ apá gígùn tó hun dí, tí ẹ bá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ tí ẹ kò rí òdìkejì. Léèsì wa oníhò-oníhò kò wúlò níbí, funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà kò wúlò tó bí ẹ ti rò. Aṣọ dúdú tó nípọn ń gba oòrùn dúró jù ú lọ. Ti fìlà wá ńkọ́? Gọ̀bì kò bo etí, kò bo ọrùn. Abetí-ajá nìkan ló rántí etí, àwọn tó ń dé e kì í sì í fa etí rẹ̀ wálẹ̀! Akẹtẹ̀ àwọn baba wa, tí etí rẹ̀ fẹ̀ yí ká, ló dára jù, kò sì wọ́n. Kí a ṣí agboòrùn ní ọ̀sán, kí a má dúró de òjò. Ẹ má sì jẹ́ kí ọyẹ́ tàn yín: ara lè tutù nini kí oòrùn máa jó awọ lọ lábẹ́lẹ̀.

Fún àwọn àgbẹ̀ wa, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ewu pọ̀ jù. Inú oko kòkó ní ìbòòji. Fífọ́ kòkó lábẹ́ igi kò burú. Sísá kòkó ni ẹ má ṣe fi lé àfín lọ́wọ́, torí ìta gbangba ni. Ẹ jẹ́ kó wà nídìí òṣùwọ̀n, tàbí nídìí ìwé ìkàwé owó. Iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe nínú ilé kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìwé, ojú náà wà níbẹ̀. Aró ara yìí ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ojú ọmọ ń dàgbà nínú oyún. Nígbà tí kò bá tó, àárín ẹ̀yìn ojú tí a fi ń kàwé kì í dàgbà tán, iṣan tó ń gbé àwòrán lọ sí ọpọlọ kì í sì í pín bó ṣe yẹ. Ojú àfín á máa mì, ìmọ́lẹ̀ á máa ta á, kò sì ní rí ohun tó wà lókèèrè. Awò ojú ń ràn án lọ́wọ́, kì í wò ó sàn tán. Ọmọ ìyá aláṣọ yẹn, ẹ̀yìn ni olùkọ́ fi í sí ní kíláàsì nítorí pé ó ga. Kò rí pátákó. Wọ́n kọ “olódo” sí ìwé rẹ̀ fún ọdún méjì, kí ìyá rẹ̀ tó lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé e wá síwájú. Ipò karùn-ún ló ṣe ní táàmù tó tẹ̀lé e. Ikponwosa Ero, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ àfín, agbẹjọ́rò ni, òun sì ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kọ́kọ́ fi ṣe àkànṣe aṣojú lórí ẹ̀tọ́ àwọn àfín, láti 2015 di 2021. Ojú tí kò rí pátákó yìí náà ni òun fi kàwé dé ibẹ̀.

Àwọn kan á béèrè pé ṣé oògùn kò tíì dé tó lè mú aró náà pò. Wọ́n ń wá a. Oògùn kan wà, nitisinone, tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ fún àìsàn mìíràn tí a ń bí mọ́ ọmọ. Ní 2011, àwọn olùwádìí ní ilé iṣẹ́ ìwádìí ojú ti ìjọba Amẹ́ríkà fún eku ní oògùn yìí, irun àti ojú eku náà sì dúdú sí i. Wọ́n dán an wò lára àgbàlagbà márùn-ún fún ọdún kan. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019. Irun àti awọ wọn dúdú díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn kò ríran ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ sì ṣàkíyèsí: oríṣi kìn-ín-ní, àwọn tí òṣìṣẹ́ aró wọn ṣì ń ṣe díẹ̀, ni wọ́n dán an wò lára wọn, kì í ṣe oríṣi kejì tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìgò wá bá yín lọ́jà pé òun ní ohun tó ń sọ àfín di dúdú, owó yín ló ń wá.

Ìgbìmọ̀ ìṣàkóso ti gbà pé kí ẹni tó ní àfín nílé fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé, kí ó kọ iye ọmọ àti ọjọ́ orí wọn. Ẹ̀ka ọjà yóò béèrè iye tí wọ́n ń ta akẹtẹ̀ àti ìpara adènà oòrùn ní páálí-páálí, kí a jọ rà á, kí kálukú máa san án díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú owó oṣù. Ìpara tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá jẹ́ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nìkan ni a ó gbà. Kí àwọn tí yóò lọ rà á wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára ike kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó sanwó, nítorí àwọn ọlọ́jà máa ń tètè fẹ́ ta èyí tó kù díẹ̀ kó bàjẹ́ fún ẹni tó bá ń ra púpọ̀. Bí ó bá sì dé, inú yàrá akọ̀wé tó tutù ni kí wọ́n kó o sí, kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀bù onípáànù tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì, torí ooru ibẹ̀ yóò bà á jẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni.